Ẹ̀jẹ̀ Ọjọ́ Kẹwàá

Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún èèyàn, ọ̀rọ̀ tí ará ilé kọ́kọ́ máa ń sọ lórí fóònù ni pé, "Wọ́n ti ṣe é, ó ti tán." Bí ìròyìn ṣe ń rìn nìyẹn láti Adakplamè dé Idigny, láti Idigny dé àárín ìlú Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn ọmọ ti gbé ìyá lọ sí Cotonou, ọ̀nà tó ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Ìyá ti dùbúlẹ̀ lábẹ́ iná, dókítà ti ṣe tirẹ̀, ìyá ti jáde pẹ̀lú báńdéèjì lójú. Ó ti tán. Aládùúgbò á ní Ọlọ́run ṣeun, ẹlòmíràn á sì ti máa wá adìyẹ tí wọ́n máa fi kí ìyá káàbọ̀.

Èmi kì í fẹ́ gbọ́ "ó ti tán" yẹn. Ẹ̀jẹ̀ inú ojú a máa ní sùúrù ju bí a ti rò lọ. Ó lè tú lójú ẹsẹ̀ tí irin bá kan ojú, ó lè dé ní ọjọ́ kẹta, ó sì lè dúró di ọjọ́ kẹwàá, nígbà tí wọ́n ti jẹ adìyẹ tán, tí egungun rẹ̀ ti wà lẹ́nu ajá.

Ìtàn ẹni tí tirẹ̀ dé ní ọjọ́ kẹwàá ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ará Kétu. Ará Ireland ni, òǹkọ̀wé ni, James Joyce ni wọ́n ń pè é. Ìdí tí mo fi lọ bá a ní ọ̀nà jíjìn ni pé wọ́n kọ àìsàn ojú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ lọ́jọ́, abẹ lẹ́yìn abẹ, bẹ́ẹ̀ àìsàn ojú àwọn ìyá wa kì í ní ìwé. Bí ojú wọn bá fọ́, a óò ní ọjọ́ orí ni, tàbí ayé ni, a óò sì wá ọmọ kékeré kan tí yóò máa fà wọ́n lọ́pàá.

Ìlú Dublin ni wọ́n bí Joyce sí, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì 1882. Ọjọ́ pẹ́ tí ojú ti ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n ọdún 1917 ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí gbangba. Ó ń rìn lójú pópó ní Zurich, ní ilẹ̀ Switzerland, ni ìrora kan bá gbá a lójú tí kò fi lè gbẹ́sẹ̀. Omi inú ojú ló kún tí kò rọ́nà jáde, tó wá ń ti ẹyinjú láti inú: àìsàn tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Sidler gé díẹ̀ lára òrùka aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ọ̀tún rẹ̀ ká, kí omi lè ráyè gbà. Bí wọ́n ti ń gé e lọ́wọ́ ni oje ojú tú, ó sì ṣàn bo ibi tí wọ́n gé. Ojú ọ̀tún yẹn kò padà sí bó ti wà mọ́.

Láti ìgbà náà, ojú àti ọ̀bẹ di ọ̀rẹ́. Ní 1922, ọdún tí ìwé rẹ̀ ńlá, Ulysses, jáde, ó wà ní Nice, létí òkun ilẹ̀ Faransé, nígbà tí ojú tún gbóná. Dókítà tó bá níbẹ̀, Louis Colin, kó èṣúṣú márùn-ún lé e lára kí wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ojú náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa náà ni ìwo, a sì mọ àwọn tó ń fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn ọrùn, tí wọ́n á fi ìwo bò ó, tí wọ́n á fẹnu fà á. Èṣúṣú Faransé àti ìwo ilé wa, ọmọ ìyá ni wọ́n: ohun tí wọ́n jọ ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ wà níbi tí kò yẹ kó wà, ẹ jẹ́ ká wá ẹni tí yóò mu ún.

Louis Borsch, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn abẹ tó tẹ̀ lé e. Borsch kú ní 1929. Joyce wá gbọ́ nípa ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Zurich, Alfred Vogt, ó sì padà sí ìlú tí ìrora ti kọ́kọ́ gbá a. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 1930, Vogt fi ọ̀bẹ kan ojú òsì rẹ̀. Ohun funfun tí wọ́n ti mú kúrò nínú ojú náà, èyí tí wọ́n ń pè ní cataract, tún ti hù bò ó. Ìgbà kẹta rèé. Vogt là á gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ó fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n abẹ méjì tó ṣáájú ti jẹ́ kí ojú náà pàdánù púpọ̀ nínú oje tó kún àárín rẹ̀. Vogt wò ó, ó dáwọ́ dúró.

Mo fẹ́ràn ibẹ̀ nínú ìtàn náà. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé dókítà tó mọṣẹ́ ni èyí tó ṣe gbogbo rẹ̀ parí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀bẹ tó mọ ibi tí yóò dúró ni mo fẹ́ kó kan ojú ìyá mi.

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹwàá, ojú gbiná. Ẹ̀jẹ̀ ló wà ní iwájú ojú níbẹ̀, tó ń yọ òrùka aláwọ̀ yẹn lẹ́nu títí tó fi wú. Wákàtí mẹ́wàá ni ìjà náà fi gbóná kó tó rọlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, èṣúṣú tún dé, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ náà títí iwájú ojú fi mọ́. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ló tó ṣeé ṣe fún Vogt láti fi ẹ̀rọ awò wo inú ojú náà dáadáa. Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn abẹ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, Vogt wà níbẹ̀.

Kí ni ẹ̀jẹ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún ojú? Láàárín dígí tó mọ́ gaara níwájú ojú àti òrùka aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká, yàrá kékeré kan wà tí omi kún. Omi yẹn kì í dúró. Ó ń wọlé, ó ń jáde gba ojú asẹ́ tíntìntín kan tó wà ní igun yàrá náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣàn síbẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu nínú igbá, ẹni tó bá dúró níwájú aláìsàn sì lè fojú lásán rí ìlà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà á dí asẹ́ yẹn. Omi ń wọlé, kò jáde. Ojú á le, á máa ro, aláìsàn lè máa bì, iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Iṣan yẹn kì í hù padà.

Ẹ̀jẹ̀ náà sì ní ọgbọ́n burúkú kan. Ibi tó ti ṣẹ́jẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ á dì, bí egbò ṣe ń dì. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, èyí tó dì yẹn á máa sún kúrò, á máa tú. Àsìkò náà gan-an ni ara máa ń tu aláìsàn tí yóò ní òun fẹ́ dìde, kí òun wo ẹ̀yìn ilé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún tú lẹ́ẹ̀kejì, ó sábà máa ń pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí ará Zurich kò ní láti rò. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àní ẹni tó kàn gbé e dání tí kò ṣàìsàn rí, ìyẹn AS, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ̀ kọrọdọ nínú yàrá kékeré yẹn níbi tí afẹ́fẹ́ kò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó rọ̀ á lè yọ́ kọjá lójú asẹ́. Èyí tó tẹ̀ tó sì le kò lè kọjá. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ẹlòmíràn ì bá fara dà lè fọ́ ojú ẹni bẹ́ẹ̀. Oògùn kan pàápàá wà tí wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti mú kí omi ojú dín kù, tó jẹ́ pé ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ẹni yìí túbọ̀ tẹ̀. Jẹ́nótáìpù tí a máa ń béèrè nígbà ìgbéyàwó nìkan, ó yẹ kí dókítà ojú gbọ́ ọ. Ẹni tó bá sì jẹ́ SC, tó ń rìn káàkiri pé òun kò ní ìṣòro, iṣan kéékèèké lè máa hù lẹ́yìn ojú rẹ̀ láìmọ̀, kí wọ́n bẹ́ lọ́jọ́ kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú náà.

Ẹ jẹ́ ká béèrè ìbéèrè kan. Bí Vogt bá ti kúrò nílùú ní ọjọ́ kẹfà ńkọ́?

Ọkùnrin kan wà tó fi irú èyí ṣe iṣẹ́ ṣe. John Taylor ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di dókítà ojú fún Ọba George Kejì ní 1736. Ó ń rìn láti ìlú dé ìlú kárí Yúróòpù, wọ́n ní ó ya àwòrán ẹyinjú sára kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀. Bó bá dé ìlú, á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gígùn fún àwùjọ nípa ọgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀, kó tó fi abẹ́rẹ́ kan ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà á di aláìsàn lójú, á ní wọn kò gbọdọ̀ tú u fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n bá fi máa tú u, Taylor àti owó ti wà lójú ọ̀nà ìlú kejì.

Ní ìparí oṣù Kẹta 1750, ó dé Leipzig, ó sì ṣe ojú fún Johann Sebastian Bach, olórin ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Bach kò ríran mọ́, ara rẹ̀ kò sì yá mọ́; ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún náà. Ní 1758, Taylor ṣe ojú fún Handel, olórin kejì tí wọ́n bí ní ọdún kan náà pẹ̀lú Bach, 1685. Handel náà kò ríran títí tó fi kú ní 1759. Èmi kò lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni tàbí pé kòkòrò ló wọ ojú wọn. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́, nítorí ẹni tó yẹ kó ṣí báńdéèjì kó wò ó kò sí nílé.

Ohun tí Taylor fi abẹ́rẹ́ ṣe, a mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa. Àwọn kan ṣì ń rìn kiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lónìí, láti ọjà dé ọjà, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti dígí funfun inú ojú ṣubú sí ìsàlẹ̀ ẹyinjú. Wọn kò yọ ọ́. Wọ́n tì í ṣubú ni. Bó bá ti ṣubú, ìmọ́lẹ̀ á wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á na ìka sókè, wọ́n á bi bàbá pé mélòó ló rí, bàbá á kà á, omijé ayọ̀ á bọ́, owó á sì yọ. Èmi kò bá ẹni tó sanwó wí. Ó fojú ara rẹ̀ rí ìka. Ẹni tó gbà pé òun ríran lọ́jọ́ ọjà kò purọ́. Ó kàn jẹ́ pé ọjà ọrún méjì péré ni ẹ̀jẹ̀ àti èéwo máa ń dúró dè.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ojú káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, wọ́n rí ojú 583 tí wọ́n ti ṣe ìtọ́jú funfun ojú sí. Abẹ́rẹ́ onírìnkiri ni wọ́n fi ṣe 249 nínú wọn. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ojú tí abẹ́rẹ́ kàn yìí tó ti fọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní Nàìjíríà ni wọ́n ti kà á, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ààlà tó wà láàárín Kétu àti ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ta ni kò mọ̀ pé ewúrẹ́ ń dá a kọjá?

Kì í ṣe gbogbo arìnrìn-àjò ni Taylor o. Ọkọ̀ ojú omi ilé ìwòsàn Africa Mercy gúnlẹ̀ sí Cotonou ní 2016, ó sì wà níbẹ̀ di 2017, ó ń ṣe ojú fún àwọn èèyàn. Ọkọ̀ ojú omi ni, a mọ̀ pé yóò lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, wọ́n máa ń pe aláìsàn padà, wọ́n á tún ojú wò. Ìyàtọ̀ tí mo ń wá nìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ kan tún wà tí kì í dúró de ọjọ́ kankan. Òun ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ojú ń bẹ̀rù jù. Ẹyinjú dà bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Omi inú rẹ̀ ló ń tì í tó fi le. Títì yẹn náà ló ń di àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ funfun ojú mú. Bí ọ̀bẹ bá la iwájú ojú, omi á tú, ohun tó di wọ́n mú á lọ lójijì. Iṣan ọ̀dọ́ á fara dà á. Iṣan àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti lò bí okùn kànga lè já. Ẹ̀jẹ̀ á ya sí ẹ̀yìn ojú. Ojú tó ti dẹ̀ á le bí òkúta lábẹ́ ọwọ́ dókítà, pupa tó ń rí nínú ọmọlójú á ṣókùnkùn, aláìsàn tí wọ́n ti fi oògùn pa ojú rẹ̀ kú á ké pé òun ń jẹ̀rora. Bí wọn kò bá pa ojú náà dé kíákíá, ẹ̀jẹ̀ á ti ohun tó wà nínú rẹ̀ síta gba ibi tí wọ́n là. Ìwé kan tó jáde ní 1786, ti oníṣẹ́ abẹ ojú kan tó ń jẹ́ Wenzel, ti sọ nípa rẹ̀, ẹ̀rù kan náà sì ló ṣì ń bà wọ́n lónìí.

Ó ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí wọ́n kà á ní Britain ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, bí ẹni mẹ́rin nínú 10,000 tí wọ́n ṣe funfun ojú fún ló ṣẹlẹ̀ sí. Ara ohun tó sì mú un ṣọ̀wọ́n ni pé ihò tí wọ́n ń lù ti kéré sí ti àtijọ́. Láyé Joyce, wọ́n ń la iwájú ojú gbàràgàdà ni. Lónìí, àwọn dókítà wa ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n gbẹ́ sínú awọ funfun, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti yọ irin, títì inú ojú fúnra rẹ̀ á pa á dé, bí ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń tì láti inú ilé. Ojú kì í ṣófo pẹ́.

Èyí tó kù wà lẹ́nu aláìsàn. Ibẹ̀ ni ìwà rere wa ti ń ṣe wá ní ibi. Dókítà á bi ìyá pé, "Ìyá, ṣé ẹ ń wúkọ́?" Ìyá á ní, "Kò sí o, dókítà, ara le." A ti kọ́ wa pé bí wọ́n bá bi wá léèrè ara, àlàáfíà là ń fèsì. Ọmọlúàbí kì í da àìsàn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ikọ́ kan ṣoṣo nígbà tí ojú wà ní lílà lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè dé ẹ̀yìn ojú. Ìyá kò ní sọ pé òun ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì láti oṣù méjì nítorí pé kò sí ibi tó ń dun òun. Kò ní sọ pé lójoojúmọ́ ni òun ń lo aspirin tí òun rà lọ́wọ́ alápẹ̀rẹ̀ oògùn ọjà nítorí orúnkún. Ní tirẹ̀, ìyẹn kì í ṣe oògùn, "ti orúnkún" ni. Kò ní sọ pé dókítà ọkàn ti fún òun ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú kejì ṣẹ́jẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ó lè bò ó, kí wọ́n má bàa ní àwọn kò ṣe mọ́. Ọmọ tó bá bá ìyá lọ ni kó sọ ọ́. Kó kó gbogbo oògùn ilé sínú àpò kan, àti ti fárímásì àti ti apẹ̀rẹ̀ ọjà àti àgbo, kó dà á sórí tábìlì dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ ara rẹ̀ dá oògùn ọkàn dúró nítorí ojú. Dókítà ojú àti dókítà ọkàn ni kí wọ́n jọ dá a rò.

Mo ti gbé Vogt ga. Ẹ jẹ́ ká wo aláìsàn rẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1930, oṣù kan kò tíì pé tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, Joyce wà ní ilé eré orin ńlá ní Paris. Akọrin kan wà, John Sullivan, tó fẹ́ràn débi pé ó ń bá a tọrọ òkìkí káàkiri. Bí Sullivan ti ń kọrin, Joyce nara jáde láti ibi tó jókòó sí lókè, ó bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, ó sì kígbe pé òun tún rí ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, pé iṣẹ́ ìyanu ni. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e. Ìpolówó ni, gbogbo ayé sì rẹ́rìn-ín. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín tán síbẹ̀. Ojú òsì nìkan ni Vogt ṣe. Ti ọ̀tún ṣì ń dúró, Vogt sì ń retí rẹ̀ ní Zurich.

Joyce kò lọ. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Ìwé tí yóò wá di Finnegans Wake wà lọ́rùn rẹ̀. Ní oṣù Keje 1931, ó lọ sí London láti fi òfin gbé Nora, ẹni tí wọ́n ti jọ wà láti 1904, níyàwó. Ní ọdún kejì, àìsàn ọpọlọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Lucia, hàn sójútáyé. Kí ni bàbá ì bá ṣe? Ohun tí ìyá kan ní Adakplamè náà ì bá ṣe: ojú lè dúró, ọmọ kò lè dúró. Ní oṣù Keje 1932 tó wá padà jókòó níwájú Vogt, ọdún méjì ti kọjá. Vogt bínú. Funfun ti bo ojú ọ̀tún pátápátá, agbára omi ti ru sókè nínú rẹ̀, awọ tó ń gba ìran lẹ́yìn ojú sì ti ń rọ. Ojú tó ti rí bẹ́ẹ̀, ewu kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn án ti pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Ojú òsì kan náà, èyí tí ẹ̀jẹ̀ bò ní ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n sì dúró tì, ni Joyce fi kọ ìyókù ìwé rẹ̀, tó jáde ní 1939. Ó kú ní Zurich ní oṣù Kìn-ín-ní 1941. Ọgbẹ́ inú ló pa á.

Wàyí o, ká gbé ìyá padà sí Adakplamè, lórí ọ̀kadà tàbí nínú takisí, pẹ̀lú ike ààbò lójú rẹ̀. Ilẹ̀ gíga ni ilẹ̀ Kétu, omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ jìn, obìnrin ibẹ̀ kò sì mọ ọjọ́ tí òun kò gbé omi rí. Wọ́n ní kó má gbé ohun tó wúwo. Ó gbọ́ "wúwo" náà. Ní tirẹ̀, garawa omi kì í ṣe ẹrù, omi ni. Wọ́n ní kó má tẹ orí ba sísàlẹ̀. Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbálẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ ọwọ́ kúkúrú, ẹni tó ń fẹ́ iná ààrò, ẹni tó ń foríkanlẹ̀ kírun, kò sí èyí tó ka ara rẹ̀ sí ẹni tó ń tẹ orí ba nínú wọn. Ìgbé tó le tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gìrì lórí ṣálángá, ojú ló ń gìrì mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Kó jókòó kírun, ẹ̀sìn fàyè gba aláìsàn. Kó gbé orí lé ìrọ̀rí gíga bó bá sùn. Kó jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, kó mu omi dáadáa.

Nǹkan kan tún ń dẹ́rù ba àwọn ará ilé láìnídìí. Bí wọ́n bá ṣí ike tí wọ́n rí pupa kan lára funfun ojú, tó tàn bí epo pupa, wọ́n á ké. Bí kò bá dùn ún, tí ìran rẹ̀ sì wà bó ti wà, pupa yẹn á ṣá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lóde ni. Èyí tó ń fọ́ ojú kì í sábà pariwo bẹ́ẹ̀: ìran tó mọ́ lánàá tó ṣú lónìí, ìrora tó ń pọ̀ sí i dípò kó dín, ìlà pupa nísàlẹ̀ òrùka aláwọ̀ ojú, èébì. Ẹni tó bá rí èyí kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì. Òru náà ni kó wá ọkọ̀.

Àlejò á sì wá o, nítorí pé ìyá ti dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyá á gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ọ̀pá rẹ̀ á máa kan ilẹ̀, ìyá tó ti ń kúnlẹ̀ kí i láti ogójì ọdún sẹ́yìn á gbé ọwọ́ lé ilẹ̀, á fẹ́ wólẹ̀. Ọmọ tó bá a lọ sí Cotonou ló yẹ kó sáré dì í mú léjìká, kó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, dókítà ni kò jẹ́ kí ìyá wa tẹ orí ba." Ojú á ti ìyá. Bàbá á dúró díẹ̀, á wo ike tó bo ojú, á fa àpótí kan súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹní, á jókòó, kí ojú àwọn méjèèjì lè dọ́gba.

"Ó ṣeun," á wí. "Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá?"